Àǹtí nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ̀yin náà ti gbà á?

1/
Ọ̀rọ̀ òní gùn, kò ṣe é kó sínú fídíò ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́ ní yunifásítì kí n tó máa ṣe fídíò ìlera ní Yorùbá. Ohun tí mi ò sọ fún yín rí ni pé mo purọ́ fún ìyá ọlọ́mọ kan nígbà tí mo ṣì ń kàwé.

2/
Ọdún 2021 ni. Wọ́n rán àwa akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ibùdó ìlera kékeré kan. Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára lọjọ́ náà. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún orí bẹ́ǹṣì, àwọn kan ń fọ́mọ lọ́yàn, àwọn kan ń jà pé àwọn làwọn kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní kí èmi bá wọn sọ̀rọ̀. Mo dá orin, a pàtẹ́wọ́, a jó díẹ̀, mo wá ń ṣàlàyé ohun tí ọmọ tuntun ń gbà: BCG nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, èyí tí wọ́n ń kán sọ́mọ lẹ́nu nítorí àrùn rọpárọsẹ̀, àti ti Hepatitis B, nítorí àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

3/
Ìyá kan nawọ́. Ọmọ ọwọ́ ẹ̀ kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú o. Èyí tẹ́ ẹ ní ó wà fún ẹ̀dọ̀ yìí, ṣé ẹ̀yin náà ti gbà á?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó wò mí lójú díẹ̀, ó mi orí, ó sì tú aṣọ kúrò ní itan ọmọ ẹ̀.

4/
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àgbàlagbà ń gba abẹ́rẹ́ yẹn. Tó o bá gba àkọ́kọ́ lónìí, wàá gba ìkejì lẹ́yìn oṣù kan, wàá sì gba ìkẹta tó bá di oṣù kẹfà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèmi gbà.

Ọmọ yẹn, tí ìyá ẹ̀ bá ń gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá bó ṣe yẹ, á ti parí tiẹ̀ kó tó mọ̀ ọ́n jókòó. Èmi tí mo ń kọrin fún un ni mi ò parí tèmi.

5/
Báwo ló ṣe jẹ́? Ọdún 1999 ni wọ́n bí mi. 2004 ni Nàìjíríà fi abẹ́rẹ́ Hepatitis B kún àwọn tí wọ́n ń fún ọmọdé. Torí náà ọ̀pọ̀ nínú àwa ẹgbẹ́ mi dàgbà láì gbà á. Nígbà tá a máa bẹ̀rẹ̀ sí í wọ wọ́ọ̀dù, wọ́n ní ká lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ká sì gba abẹ́rẹ́. Oṣù Kejì 2020 ni. Mo ṣàyẹ̀wò, kò sí nǹkan kan lára mi, mo gba àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí n padà wá lóṣù Kẹta.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù Kẹta 2020.

6/
Kòrónà dé, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ pa, ASUU náà ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì, kálukú gba ilé lọ. Ọdún yí ká tó padà. Nígbà tá a padà, kò sẹ́ni tó bi wá pé abẹ́rẹ́ ńkọ́. Èmi náà ò bi ara mi. Káàdì mi wà nínú ìwé kan tí mi ò ṣí mọ́. Owó àpò wa la sì fi ń gbà á, owó dátà àti Indomie nìyẹn lójú akẹ́kọ̀ọ́. Mo ń sọ pé, "Tó bá di oṣù tó ń bọ̀." Oṣù tó ń bọ̀ yẹn kò dé.

7/
Ẹ má rò pé èmi nìkan ni. Àwa mẹ́fà la wà nínú yàrá wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, nọ́ọ̀sì lọ́la ni gbogbo wa. Ẹnì kan ṣoṣo ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, ìyá ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló fà á létí títí tó fi gbà á.

8/
Àwọn èèyàn máa ń rò pé àìmọ̀ ló ń fa irú èyí. Rárá o. A mọ̀ ọ́n! Ẹ jí mi lóru, màá sọ fún yín pé inú òtútù tó wà láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ni wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ yẹn sí. Mo mọ̀ pé kòkòrò Hepatitis B lè wà láàyè lórí tábìlì fún ọjọ́ 7. Mo mọ̀ pé tí abẹ́rẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá gún ọ, ti HIV, bí ẹni 3 nínú 1000 ló ń kó o. Ti Hepatitis B, tí ara rẹ kò bá ní ààbò, ó lè jẹ́ ẹni 6 títí dé 30 nínú 100.

Wọ́n bi wá ní ìdánwò, mo gba máàkì tó dáa. Ṣùgbọ́n máàkì kì í wọnú ẹ̀jẹ̀.

9/
Ìgbà tí abẹ́rẹ́ Kòrónà wá dé ni mo tó mọ ohun tó wà nínú wa. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2021 ni àkọ́kọ́ balẹ̀ sí Àbújá, AstraZeneca, ó dín díẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ gbà á. Ṣe ni iná ran lórí WhatsApp kíláàsì wa. Lóṣù yẹn gan-an làwọn orílẹ̀-èdè kan ní Yúróòpù, tó fi mọ́ Jámánì àti Faransé, dá abẹ́rẹ́ náà dúró fúngbà díẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ń wọlé, fídíò ń wọlé. Ẹnì kan fi èyí tí wọ́n ti ń lẹ máágnẹ́ẹ̀tì mọ́ apá ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì o!

10/
Ẹnì kan ní ó máa sọ obìnrin di àgàn. Ìjókòó wa ò jìnnà síra nígbà tí wọ́n ń kọ́ wa bí ilé ọmọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ní pásítọ̀ òun ti sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní, "Ọ̀dọ́ ni mí, ara mi le." Bọ̀dá kan tó máa ń dákẹ́ ní kíláàsì wá kọ ọ́ pé: "Ìjọba tí kò fún wa níná, tó jẹ́ kí olùkọ́ wa jókòó sílé fún odidi oṣù mẹ́sàn-án, òun ló wá fẹ́ràn wa débi abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí a ò ní èsì.

11/
Lẹ́yìn náà lẹnì kan gbé ọ̀rọ̀ Kano wá. Ìyẹn kì í ṣe àhesọ. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano, iléeṣẹ́ Pfizer fi oògùn tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Trovan ṣe ìdánwò. Nǹkan bí 200 ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà, 11 nínú wọn kú. Iléeṣẹ́ náà ní oògùn àwọn kọ́ ló pa wọ́n, ẹjọ́ fà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní 2009 ni wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi yanjú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìjọba Kano.

12/
Oògùn ni Trovan, kì í ṣe àjẹsára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Nígbà tó di 2003, Kano dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, àrùn náà gbèrú, ó sì gba ibẹ̀ wọ àwọn orílẹ̀-èdè míì. Oṣù Kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà ló sì kẹ́yìn.

Orí WhatsApp ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo èyí. Mi ò gbọ́ ọ ní kíláàsì.

13/
Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Wọ́n kọ́ wa bí a ó ṣe máa la ìyá ọlọ́mọ lóye, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé nígbà mìíràn, ẹni tó ń bẹ̀rù ní ìdí. Ọmọkùnrin kan béèrè ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn ní kíláàsì. Olùkọ́ ní, "Ìwọ náà, o fẹ́ di ará ọjà?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó béèrè nǹkan mọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè tí wọ́n bá lé jáde ní kíláàsì kì í kú o. WhatsApp ló ń lọ, ibẹ̀ sì lẹni tí kò mọ nǹkan kan ti máa ń dá a lóhùn.

14/
Èmi gba ti Kòrónà sha. Kì í ṣe pé mo gbóyà, bàbá mi ló ní àfi kí n gbà á. Apá dùn mí, ibà mú mi lálẹ́ ọjọ́ kan, ó tán. Síbẹ̀, kò sọ sí mi lọ́kàn pé mo jẹ ara mi ní abẹ́rẹ́ méjì.

Ọ̀kan nínú àwa mẹ́fà kò gbà á rárá, kò sì gba ti Hepatitis B náà rí. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ni. Tá a bá bi í, á ní, "Èmi ò fẹ́ràn abẹ́rẹ́ jàre." Nọ́ọ̀sì tí kò fẹ́ràn abẹ́rẹ́! A máa rẹ́rìn-ín títí. Ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀ ná, mò ń padà bọ̀ síbẹ̀.

15/
Oṣù Kọkànlá 2021, iṣẹ́ òru. Wọ́n mú iná lọ, wọn ò tíì tan jẹnẹrétọ̀. Mo ń gba ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn kan, mo fi àgbọ̀n di fóònù mọ́ àyà kí tọ́ọ̀ṣì ẹ̀ lè tan sọ́wọ́ mi. Mo gba ẹ̀jẹ̀ tán láìsí wàhálà. Ìgbà tí mo fẹ́ dá ọmọrí abẹ́rẹ́ padà sórí ẹ̀ ni fóònù yọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún wa láìmọye ìgbà pé ká má ṣe ni mo ń ṣe yẹn. Abẹ́rẹ́ la ìbọ̀wọ́ kọjá, ó wọ ìka mi.

Ó kéré. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò ju orí ìṣáná lọ.

16/
Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lábẹ́ omi tó ń ṣàn, mo lọ bá mátírọ́nì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Wọ́n gbọ́ tẹnu mi tán, wọ́n wá bi mí pé, "Abẹ́rẹ́ Hepatitis B ńkọ́, ṣó o ti gbà á?"

Ìbéèrè ìyá ọlọ́mọ yẹn gan-an.

Lọ́tẹ̀ yìí kò sáyè irọ́. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan ni, mà." Wọn ò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn fà àga, wọ́n jókòó.

17/
Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà wò. HIV, kò sí. Hepatitis B, ó wà.

Ẹ rántí ẹni 6 títí dé 30 nínú 100 tí mo kọ sínú ìwé ìdánwò. Títí dọjọ́ yẹn, nọ́ńbà lásán ni. Láti òru yẹn, gbogbo ọgọ́rùn-ún èèyàn náà ń gbé ojú mi wọ̀.

18/
Wọ́n fún mi ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kejì láàárọ̀. Ṣùgbọ́n mo tún nílò èyí tí wọ́n ń pè ní immunoglobulin, ìyẹn ààbò tí wọ́n ti yọ lára ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti ní in, tó máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dáa kéèyàn gbà á láàárín wákàtí 24, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 7. Kò sí lọ́dọ̀ wọn. Bàbá mi ló ń ti ilé oògùn kan bọ́ sí òmíràn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Owó tí wọ́n fi rà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé ẹ̀kọ́ mi ọdún kan.

19/
Dádì ò bínú o. Nínú mọ́tò nígbà tá a ń padà, wọ́n kàn bi mí pé, "Èló ni abẹ́rẹ́ mẹ́ta tó o ní kò sówó ẹ̀ yẹn?"

Mo sọ iye ẹ̀.

Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi délé. Mo rò pé ká ní wọ́n nà mí ni, ì bá sàn.

20/
Mo fi oṣù mẹ́fà dúró de èsì àyẹ̀wò ìkẹyìn. Mo gba abẹ́rẹ́ kẹta láàárín ẹ̀. Mi ò lè sọ bí mo ṣe gbé oṣù mẹ́fà yẹn, tí ojú bá kàn rẹ̀ mí, màá sáré wo ẹyinjú mi nínú dígí bóyá ó ti pọ́n bí ìyeyè. Èsì jáde: kò sí nǹkan kan. Mo dúpẹ́. Kì í ṣe pé mo dáa ju ẹni tó kó o lọ.

21/
Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo sunkún, ó sunkún jù mí lọ. Ó wá jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin kú nígbà tó wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ojú ẹ̀ pọ́n, ikùn ẹ̀ wú, ó gbẹ. Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é. Ó dé yunifásítì, olùkọ́ ń ka àmì àrùn ẹ̀dọ̀ fún wa láti kọ, òun náà ń kọ ọ́. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó ń kọ, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló ń kọ.

22/
Ṣé ẹ rántí pé wọ́n ń ṣàyẹ̀wò kí wọ́n tó fún wa ní abẹ́rẹ́ náà? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ lọ̀rẹ́ mi ń sá fún, èsì àyẹ̀wò ló ń sá fún. Ó ní, "Tó bá wà lára mi ńkọ́? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì? Ta ló máa fẹ́ mi? Ṣé ẹ̀yin náà á ṣì máa bá mi jẹun nínú abọ́ kan?"

Ká ní ẹnì kan ń ṣèwádìí pé kí ló dé tí akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ò gba àjẹsára ni, wọn ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní ìmọ̀. Òun sì ni ìmọ̀ ẹ̀ jinlẹ̀ jù nínú wa.

23/
A jọ lọ ni. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó di ọwọ́ mi tí abẹ́rẹ́ gún mú. Tiẹ̀ wà.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti kékeré ló ti wà níbẹ̀. Tí àgbàlagbà bá kó àrùn yìí, kì í tó ẹni 5 nínú 100 tó máa ń bá a gbé títí. Tó bá jẹ́ ọmọ ìkókó, nǹkan bí 9 nínú 10 ló máa ń bá a dàgbà. Ohun tí wọ́n fún ọmọ ìyá tí mo purọ́ fún yẹn gan-an ni ì bá dáàbò bò ó, kó tiẹ̀ tó mọ orúkọ ara ẹ̀.

24/
Ara ẹ̀ yá o, kẹ́ ẹ má bá a sunkún. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń lo oògùn, ó ń lọ fún àyẹ̀wò bó ṣe yẹ, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ dáa. A ṣì ń jẹun nínú abọ́ kan, torí kò sẹ́ni tó ń kó o látinú abọ́ tàbí ìdìmọ́ra. Nọ́ọ̀sì ni lónìí. Àwọn àbúrò ẹ̀ méjì ṣàyẹ̀wò, kò sí lára wọn, òun fúnra ẹ̀ ló dúró tì wọ́n tí wọ́n fi gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.

Mo tọrọ àyè kí n tó kọ èyí. Ó ní, "Má dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n bá mi kọ ọ́ pé mi ò gọ̀, ẹ̀rù ló bà mí."

25/
Àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa dáṣọ fún wa, tọrùn ẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò. Ìyá yẹn wo ọrùn mi lọ́jọ́ náà, mo fi ìborùn irọ́ bò ó. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọrùn àwọn tó ga jù mí lọ náà. Ilé ẹ̀kọ́ tó máa rán ọmọ ogún ọdún wọ wọ́ọ̀dù, kí ló dé tí kò lè fún un ní abẹ́rẹ́ mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, kó kọ ọjọ́ ẹ̀ sílẹ̀, kó sì bi í léèrè tí ìyanṣẹ́lódì bá tán? Wọ́n ń bi wá léèrè owó ilé ẹ̀kọ́, wọn ò gbàgbé ìyẹn rí.

26/
Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, dókítà, láàbù, agbẹ̀bí, ẹ gbọ́:

Tó o bá ti gba ìkan tàbí méjì tó o wá gbàgbé, o ò ní bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ibi tó o dúró sí ni wàá ti máa bá a lọ. Ká ní mo mọ èyí ni, mi ò bá má rò pé tèmi ti bàjẹ́.

Tó o bá gba ìkẹta tán, lẹ́yìn oṣù kan sí méjì, ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò bóyá ààbò náà ti mú.

Má dá ọmọrí abẹ́rẹ́ padà. Inú àpótí ẹ̀ ni kó o jù ú sí. Tó bá gún ọ, fọ̀ ọ́, kó o sì sọ lójú ẹsẹ̀. Má fi pa mọ́ torí ìtìjú.

27/
Tó bá jẹ́ àyẹ̀wò lò ń bẹ̀rù, mú ọ̀rẹ́ rẹ kan dání. Bẹ́ǹṣì yẹn kì í gùn tó bẹ́ẹ̀ téèyàn bá jẹ́ méjì lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè. Ẹ sọ ti Kano fún wọn, ẹ sọ èyí tó jóòótọ́ níbẹ̀ àti èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó béèrè ní kíláàsì, irọ́ ló máa pa nígbà tí ìyá ọlọ́mọ bá bi òun náà léèrè. Èmi lẹ̀rí.

28/
Ẹ̀yin ìyá, ẹ máa bi wá. Ẹ má jẹ́ kí aṣọ funfun dẹ́rù bà yín. Ẹni tó bá ti gbà á kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì mọ akẹ́kọ̀ọ́ ìlera kan, ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí i, kẹ́ ẹ bi í pé káàdì ẹ̀ dà.

29/
Ọmọ yẹn á ti máa lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi báyìí. Mi ò mọ orúkọ ìyá ẹ̀, mi ò sì rò pé wọ́n á rántí mi. Ṣùgbọ́n tí èyí bá dé ọ̀dọ̀ yín, mà: ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lọ́jọ́sí, irọ́ ni mo fi dá yín lóhùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Mo ti gbà á báyìí, mà. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé.